Ìkòkò aró ló kọ́ mi níṣẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti tó èèyàn mẹ́wàá tó ti bi mí pé báwo ni mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí, iṣẹ́ kéèyàn máa ṣètò bí àwọn ẹlòmíì ṣe máa kọ́ nǹkan, tí wọ́n ń pè ní instructional design. Ohun tí mo máa ń dá wọn lóhùn ò ju "Ọlọ́run ló ṣe é" lọ, torí ojú ń tì mí láti sọ bó ṣe jẹ́ gan-an. Bó ṣe jẹ́ ni pé mo ba nǹkan jẹ́. Mo mú kí wọ́n da odidi ìkòkò aró nù sí gọ́tà, mo jẹ́ kí sódà tó ń jóni ta sí ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́, mo fi sláìdì 84 kọ́ àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹyọ ẹnì kan ò rí nǹkan mú lọ sílé. Mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá ẹnì kan á tipa bẹ́ẹ̀ fi owó àti oorun ẹ̀ pamọ́.

Tíṣà ni mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ JSS ní Basic Science ní ilé ìwé àdáni kan lápá Adátán níbí ní Abẹ́òkúta. Owó oṣù yẹn, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ṣe NCE ló pè mí láti Èkó lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun ò kọ́ ọmọ mọ́, pé ilé iṣẹ́ kan ti gba òun kí òun máa ṣètò ẹ̀kọ́ fáwọn òṣìṣẹ́ wọn, ó wá dárúkọ iye tí wọ́n ń san. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kí ló tún wà níbẹ̀, ṣebí iṣẹ́ tíṣà náà ni, èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ìgbéraga yẹn ni àṣìṣe mi àkọ́kọ́, òun náà ló sì pẹ́ lára mi jù.

Oṣù méje ni mo fi ń ka nǹkan lórí fóònù. Tí ilé bá sùn tán màá ra dátà alẹ́, màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà kúrò níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, màá máa wo fídíò títí aago méjì òru. Mo mọ ADDIE, ìgbésẹ̀ márùn-ún tí wọ́n fi ń ṣètò ẹ̀kọ́, lórí bí orin: yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ya àwòrán ẹ̀, ṣe é jáde, lò ó, wọ̀n ọ́n wò. Mo mọ̀ pé Florida State University ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1975 fáwọn ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Mo mọ Benjamin Bloom àti àtẹ̀gùn mẹ́fà tó fi to bí òye ṣe ń jìn sí i lọ́dún 1956, mo mọ̀ pé wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2001. Sátífíkéètì mẹ́rin ni mo dáúnlóòdù. Ká ní ẹ jí mi lóru ni, màá kà á fún yín láìsí àṣìṣe. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ kan wá ní kí n fi iṣẹ́ tí mo ti ṣe rí ránṣẹ́, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo wò ó títí. Sátífíkéètì mẹ́rin yẹn nìkan ló wà níbẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kiri nìyẹn.

Àkọ́kọ́ ni ti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ọ̀gá ibẹ̀ fẹ́ káwọn tíṣà ẹ̀ máa fi Excel ṣe rìsọ́ọ̀tì àwọn ọmọ, ó ní ṣé mo lè kọ́ wọn. Ṣé mo lè kọ́ wọn kẹ̀! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe sláìdì. Mo wá àwọ̀ tó bára mu, mo jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa fò wọlé látọwọ́ òsì, mo lo mọ́kànlá nínú ẹ̀ fún ìtàn kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé. 84 ló jẹ́ nígbà tó parí. Lọ́jọ́ náà wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, mo gbé gèlè, mo sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo pín fọ́ọ̀mù fún wọn kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe gbádùn ẹ̀ sí. Gbogbo wọn ló fàmì sí "ó dáa gan-an." Mo gbé fọ́ọ̀mù yẹn délé, mo fi han ọkọ mi.

Nígbà tí táàmù ń parí lọ, mo yà síbẹ̀. Àwọn tíṣà jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ń fi báírò kọ máàkì sórí bébà, wọ́n á wá kó gbogbo ẹ̀ lọ fún ọmọkùnrin kan ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ní Sápọ́n, òun lá bá wọn tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sanwó fún un. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é látijọ́ gan-an. Ọ̀kan nínú wọn dìde kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣàlàyé gan-an lọ́jọ́ náà o, a gbádùn yín. Ibi tá a ti máa tẹ̀ ẹ́ gan-an la ò mọ̀."

Ẹ má rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Òótọ́ ló ń sọ. Wákàtí mẹ́ta, ọwọ́ wọn ò kan kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ tèmi nìkan ló kàn án.

Donald Kirkpatrick ti sọ ọ́ láti 1959 pé ipele mẹ́rin la fi ń yẹ ẹ̀kọ́ wò: ṣé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, ṣé ó wọ̀ wọ́n lórí, ṣé wọ́n ń lò ó níbi iṣẹ́, ṣé iṣẹ́ náà tìtorí ẹ̀ dáa sí i. Mo ti kà á. Mo ti dáhùn ìbéèrè nípa ẹ̀, mo sì gbà á. Ibi àkọ́kọ́ ni mo dúró sí pẹ̀lú fọ́ọ̀mù mi, mo ń jó.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń jẹ́ Robert Mager, láti 1962 lòun náà ti ń pariwo pé téèyàn bá fẹ́ kọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa jèrè sílẹ̀, kó kọ ohun tí ojú lè rí pé ó ń ṣe, kó sọ ohun tó máa wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe é, kó sì sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ dáa tó. Mi ò kàn rí i pé èmi ló ń bá wí ni. Sláìdì kejì mi kún fún "ẹ ó mọ̀ nípa", "ẹ ó ní òye nípa." Ọjọ́ kan tí mò ń fọ abọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé Yorùbá ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Tá a bá ní ẹnì kan mọ aṣọ, ó lè jẹ́ pé ó kàn máa ń dá a mọ̀ lọ́jà. Tá a bá ní ó mọ aṣọ rán, ẹ gbé máṣíìnì síwájú ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Ó mọ ọbẹ̀ sè. Ó mọ mọ́tò wà. Ó mọ ẹní hun. Ọ̀rọ̀ kékeré tó gbẹ̀yìn yẹn, rán, sè, wà, hun, inú ẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ mi wà. Láti ìgbà yẹn, kódà tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fẹ́ kí n fi ṣe é, Yorùbá ni mo kọ́kọ́ fi ń kọ àfojúsùn ẹ̀, tí mi ò bá rí ọ̀rọ̀ kékeré fi sídìí ẹ̀, mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ kọ́ wọn nìyẹn.

Iṣẹ́ kejì ò gùn. Ọ̀gá oníbúrẹ́dì kan ní Láfẹ́ńwá ní àwọn òṣìṣẹ́ òun kì í kọ iye búrẹ́dì tó ń jáde sílẹ̀, kí n wá dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan. Orí mi ti fẹ́ máa ya sláìdì, àmọ́ ojú ti já mi lẹ́ẹ̀kan, mo ní kí n kọ́kọ́ lọ wò wọ́n. Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ làwọn búrẹ́dì ń jáde, àwọn tó máa kó o lọ sọ́jà ti tò síta, wọ́n ń ṣépè fún ara wọn. Ìwé tí wọ́n máa kọ ọ́ sí ńkọ́? Ó wà nínú ọ́fíìsì ọ̀gá. Kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ńkọ́? Ó wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Aago mẹ́jọ ni ọ̀gá ń dé. Mo ní kí wọ́n ra ìwé míì, kí wọ́n fi okùn so ó mọ́ ara ilẹ̀kùn pẹ̀lú báírò. Iṣẹ́ parí. Ọ̀gá fún mi ní búrẹ́dì mẹ́ta, kò fún mi ní kọ́bọ̀, ó ní ṣebí mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Inú bí mi títí mo fi dé Kútọ̀. Ìbéèrè kan ló kù lọ́wọ́ mi níbẹ̀ tí mi ò sì tíì jù sílẹ̀ títí dòní: ká ní ẹ̀mí wọn wà lórí ẹ̀, ṣé wọ́n á lè ṣe é lónìí? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má kọ́ wọn ní nǹkan kan o, ẹ lọ wá ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́.

Ó wá ku ti aró.

Ibì kan wà ní apá Ìtòkú tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ fún oṣù mẹ́ta. Màmá kan ló ń kọ́ wọn, ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ tó ti ń rẹ aṣọ láró, orúnkún ló wá ń dà á láàmú báyìí, kò lè máa dúró ti ọmọ kọ̀ọ̀kan lórí ìkòkò mọ́. Ẹni tó ni ibẹ̀ ní kí n kọ gbogbo ohun tí Màmá mọ̀ sínú ìwé, kí n sì ṣe ètò ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta náà fún wọn. ₦80,000 la jọ sọ lẹ́nu. Lẹ́nu ni mo wí o. ₦30,000 ni mo rí gbà títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, àmọ́ ẹjọ́ ọjọ́ míì nìyẹn. Ẹ ṣáà kọ ọ́ sórí bébà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ iye ìgbà tẹ́ ẹ máa tún un ṣe fún wọn náà síbẹ̀, torí "ẹ bá wa yí ibí yìí padà díẹ̀" kì í tán.

Mo lọ bá Màmá nílé. Mo gbé fóònù sílẹ̀ kó máa gba ohùn wa sílẹ̀, mo ní kí wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń po aró. Wọ́n kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìwé kì í po aró. Wọ́n wá ní, "Wàá po aró, wàá po sódà, wàá fi haidirósì sí i, wàá bò ó. Tó bá ti tó, wàá ki aṣọ bọ̀ ọ́." Haidirósì yẹn ni kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró yọ́ sínú omi. Mo ní báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó? Wọ́n ní, "Wàá rí i pé ó ti tó." Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo lọ fi ohun tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kún un, ó di ìwé olójú ewé 46, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, torí mo rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sanwó fún.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé ìwé mi lò, Màmá lọ sí ọsibítù lọ wo orúnkún wọn, àwọn ọmọ mẹ́ta po aró búlúù bí mo ṣe kọ ọ́, wọ́n bò ó, wọ́n dúró. Ìwé mi sọ pé kí wọ́n ki aṣọ bọ inú aró búlúù náà. Wọ́n ṣí ìkòkò, wọ́n ò rí búlúù. Ohun tí wọ́n rí ni nǹkan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lójú bíi bàbà, abẹ́ ẹ̀ wá rí bí omi ewé, ó tún ń yí sí yẹ́lò. Wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Wọ́n gbé e, wọ́n dà á nù sí gọ́tà. Gbogbo ẹ̀ o, àti haidirósì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ rà.

Nígbà tí Màmá dé tí wọ́n rí gọ́tà, ariwo tí wọ́n pa, mo gbọ́ ọ lórí fóònù láti Adátán. Aró tó bá ti jinná, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí ewé ló ṣe máa ń rí nínú ìkòkò, tí wọ́n bá fa aṣọ jáde tí atẹ́gùn fẹ́ sí i ló ń di búlúù lójú ẹni. Mo ní, "Màmá, ẹ ò sọ fún mi!" Màmá ní, "O ò bi mí."

O ò bi mí. Ó dùn mí débi pé mo sunkún. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi wọ́n ní ohun tí mi ò mọ̀ pé ó wà? Báwo làwọn náà ṣe fẹ́ sọ ohun tí wọ́n ti ń rí lójoojúmọ́ láti kékeré, tó ti dà bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ń mí?

Èkejì burú ju èyí lọ, mi ò sì fẹ́ kọ ọ́, àmọ́ òun gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo èyí. Nínú ìwé mi, nọ́ńbà 3 ní: da sódà sínú ike, bu omi sí i. Ìkìlọ̀ tó yẹ kó ṣáájú ẹ̀ wà ní ojú ewé kejì, nínú àpótí pupa kan tó rẹwà, mo fi àmì ìkìlọ̀ sí i lókè. Ọmọbìnrin kan ò tíì ṣí ojú ewé yẹn. Ó da sódà síke, ó bu omi lé e, ó hó lójijì, ó ta sí i lọ́rùn ọwọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ Màmá tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n fà á lọ sídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n jẹ́ kí omi máa ṣàn sí i fún àkókò tó gùn kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù. Ó san. Àpá kékeré kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń wò nígbà gbogbo tá a bá jọ wà.

Sódà ni wọ́n máa ń rọra bù sínú omi, wọn kì í bu omi lé sódà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù: èmi, tíṣà Basic Science ọdún mẹ́sàn-án, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti fi kọ́ ọmọ. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì kọ ọ́ síbi tí kò wúlò. Nǹkan tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò bá rí kí ọwọ́ ẹ̀ tó kan iṣẹ́, bí ìgbà tí wọn ò kọ ọ́ rárá ni. Láti ọjọ́ yẹn mi ò ṣe àpótí pupa mọ́. Nọ́ńbà 1 báyìí ni: wọ ìbọ̀wọ́. Nọ́ńbà 2: bu omi síke. Nọ́ńbà 3: rọra bu sódà sínú omi náà. Bí ẹ bá tẹ̀ lé e bó ṣe wà, kò síbi tẹ́ ẹ ti máa ṣe é lódì.

Mo da ìwé olójú ewé 46 yẹn nù. Mo gbé àpótí ìjókòó mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò Màmá, mo jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Mi ò gbé ìbéèrè dání, òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníkéèkì máa ń lò ni mo gbé dání. Tí Màmá bá ti bu sódà, màá wọn ike ẹ̀ kí wọ́n tó bù ú, màá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá bù ú tán. "Bó bá ṣe tó" tí wọ́n ń wí yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé kì í fi gíráàmù mẹ́ta yàtọ̀ síra wọn? Ọwọ́ tí kò ka ìwé rí. Mo fi han wọ́n, wọ́n ní, "Èmi ti wí fún ọ pé mo mọ̀ ọ́n."

Ìbéèrè mi náà yí padà. Mi ò bi wọ́n pé báwo lẹ ṣe ń ṣe é mọ́. Tí wọ́n bá ti dáwọ́ dúró níbì kan ni màá bi wọ́n pé: kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi dúró? Lọ́jọ́ kẹta ni mo rí i pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìkòkò, wọ́n máa ń tẹ̀ ba, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn ẹnu wọn díẹ̀ sí ojú aró, fùùù, èyí tó rí bíi bàbà lójú ẹ̀ á pínyà, wọ́n á yọjú wo abẹ́ ẹ̀, wọ́n á tún bò ó tàbí kí wọ́n pe aṣọ. Mo ní, "Màmá, kí lẹ ń fẹ́ yẹn fún?" Wọ́n ní, "Kí ni mo fẹ́?" Wọn ò mọ̀ pé àwọn ń fẹ́ ẹ. Ọmọ ọmọ wọn tó ń wọn iyọ̀ nítòsí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Atẹ́gùn ẹnu tí wọ́n ń fẹ́ yẹn gan-an ni "wàá rí i pé ó ti tó."

Ó wá kan ọ̀rọ̀ èdè. Mo rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan lára ẹ̀kọ́ wọn, táwọn ọmọ náà ò sì rẹ̀yìn. Mo ní ó tán, màá túmọ̀ gbogbo ẹ̀ sí Yorùbá. Mo fi àmì sí i lórí àti nídìí dáadáa. Mo gbé e fún àwọn ọmọ, wọ́n ń kọsẹ̀. Ẹnu ni wọ́n ti mọ Yorùbá, wọn ò kà á rí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Ọ̀kan ní, "Àǹtí, ẹ kà á sí mi létí, ó máa yé mi." Bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Mo ka ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sórí WhatsApp, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbọ́ ọ kí wọ́n tó bọ́ síta. Torí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ wà nínú aró ò lè tẹ fóònù, èyí tí mo yẹ kí n ti ronú kàn láti ilé.

Níbi ìkòkò gan-an, káàdì ńlá kan la gbé kọ́ ara ògiri, àwòrán ló pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ò tó nǹkan. Mo lọ láminéètì ẹ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́ torí èyí tá a kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri, aró ti jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un tẹ̀. Àwọ̀ ewé yẹn ò jáde lórí bébà dáadáa, ó máa ń jáde bíi búlúù, ìyẹn á sì tún dá wa padà sí gọ́tà. Mo ní ká gé aṣọ tó ní àwọ̀ náà lẹ̀ ẹ́. Màmá wò mí bíi pé mo ti ya wèrè. "Tó bá ti dé ìta, ṣé kò ní di búlúù mọ́ ọ lọ́wọ́ ni?" Òótọ́ ni. Ní ìgbẹ̀yìn a rí onítẹ̀wé tó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, abẹ́ àwòrán náà ni mo kọ ọ́ sí gàdàgbà: Ó TI JINNÁ. MÁ DÀ Á NÙ.

Kí n tó gbé káàdì sílẹ̀ fún wọn mo dán an wò lára èèyàn márùn-ún tí kò po aró rí, lọ́kọ̀ọ̀kan, Màmá wà níbẹ̀ nítorí sódà. Òfin kan ṣoṣo ni mo fún ara mi: mi ò ní sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe tíṣà rí, ẹ mọ̀ pé ó ju kéèyàn gbààwẹ̀ lọ. Gúgúrù ni mo kó sẹ́nu. Gbogbo ibi tí ẹni yẹn bá ti gbójú sókè wò mí, mo fàmì sí i, torí ibẹ̀ ni káàdì náà ò ti sọ̀rọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ wò mí nígbà 11. Mo lọ tún un ṣe. Ẹni karùn-ún wò mí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan nínú méjèèjì jẹ́ pé ó fẹ́ gba gúgúrù.

Ètò oṣù mẹ́ta yẹn ló kù, ìyẹn náà ò lọ geere. Ralph Tyler, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà kan, bi ìbéèrè mẹ́rin lọ́dún 1949: kí lẹ fẹ́ kí wọ́n dà, kí ni wọ́n máa ṣe láti dà bẹ́ẹ̀, báwo lẹ ṣe máa tò ó, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti rí bẹ́ẹ̀. Èmi to àkọlé sílẹ̀ ni, mo pè é ní ètò ẹ̀kọ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní àti èkejì, ìtàn àdìrẹ àti oríṣi tó wà: oníko, alábẹ́rẹ́, ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún àti ìyẹ́ adìyẹ yà, tàbí páànù tí wọ́n gé bátànì sí. Ọ̀sẹ̀ kẹta, orúkọ irinṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni wọ́n máa fọwọ́ kan aṣọ. Àwọn 14 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, 6 ti lọ. Mo pàdé ọ̀kan nínú wọn ní Ìtòkú lórí ọ̀kadà, mo ní kí ló dé, ó ní, "Àǹtí, ìtàn ò kún inú o." Ó ṣáná, ó lọ.

Mo yí i padà láti ìdí. Mo lọ jókòó ti àwọn tó ń ta àdìrẹ lọ́jà, mo ń gbọ́ ohun táwọn oníbàárà ń bi wọ́n. Ìbéèrè tó pọ̀ jù ni: "Ṣé kò ní tú aró?" Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó jọ fífọ aṣọ nínú ètò mi látòkè délẹ̀! Mo wá fi sí i pé ọmọ kọ̀ọ̀kan máa fọ aṣọ tó ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbé e jáde, ìdánwò ìparí ẹ̀ sì ni pé kó gbé yáàdì márùn-ún tó dá ṣe lọ tà lọ́jà, kí oníbàárà máàkì í fún un. Tí mo ti mọ ìparí yẹn ni mo wá ń ti ibẹ̀ bọ̀ sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kìíní báyìí, wọ́n á fi ìko di òkúta wẹ́wẹ́ sínú aṣọ tí kò ju áńkáṣíìfù lọ, wọ́n á rẹ ẹ́ nínú aró tí Màmá ti pò sílẹ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á gbé e lọ sílé fi han ìyá wọn. Kò dáa púpọ̀, àmọ́ àdìrẹ ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á tún ṣe gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, aṣọ á tóbi sí i, abẹ́rẹ́ á wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ la ó máa yí i po, a ó máa jìn sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Jerome Bruner ti kọ nípa irú yíyípo bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1960, àmọ́ Màmá ní bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn náà nìyẹn. Ìtàn ò sì sọnù. Tí aṣọ bá ti wà lọ́wọ́ ọmọ, òun fúnra ẹ̀ lá bi yín pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pe bátànì yìí ní Ìbàdàndùn.

12 ló bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e. 10 ló gbé aṣọ dé ọjà. Mi ò mọ ohun tó ṣe àwọn méjì yòókù, ọ̀kan nínú wọn lọ sí Èkó lọ́sàn-án gangan láìdágbére.

Ọmọbìnrin tí sódà ta sí lọ́wọ́, òun ló ń dúró ti àwọn tuntun nídìí ìkòkò báyìí. Mo yọjú síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí i tó fi ọwọ́ bo káàdì, tó ń bi ọmọ kan pé kí ló kàn. Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè tó kọjá Màmá pè mí láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ̀rù ti bà mí kí n tó gbé e. Wọ́n ní sódà tí wọ́n ń tà báyìí ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, pé wóró-wóró ló wá ń rí, ṣíbí àwọn ò sì bá a mu. Wọ́n ní nọ́ńbà 3 tó wà lára ògiri ti ń purọ́, kí n wá tún un ṣe kí ẹnì kan tó ṣi aró pò. Sátidé ni mò ń lọ. Wọ́n ní kí n má gbàgbé òṣùwọ̀n mi, kí n sì ti jẹun wá láti ilé, torí àwọn ò ní dá iṣẹ́ dúró nítorí mi.